Ariwo Bàálù àti Láfún Ìyá Mi Kékeré

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ìráhùn. N kò sọ nípa ìráhùn ebi, tàbí ti àìsàn, tàbí ti ọkọ tí kì í tètè wálé. Ìyẹn wà lọ́wọ́ gbogbo mẹ̀kúnnù. Èyí tí mo fẹ́ yìn ni èyí tó gbayì jù nínú gbogbo ohun tí ọ̀làjú gbé wọ ilẹ̀ Ìbàràpá: ìráhùn pé ariwo bàálù kò jẹ́ kí èèyàn sùn. Ìráhùn ọlọ́lá ni. Ó ju agbádá lọ, nítorí pé agbádá a máa gbó. Ó ju ilé alájà lọ, nítorí pé ẹni tó bá lówó lè kọ́lé síbi tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ilé gbogbo èèyàn ni bàálù ń gbà kọjá. Ẹni tó bá jí lówùúrọ̀, tó fọwọ́ nu ojú, tó sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé, "Bàálù ò jẹ́ ká sùn o," gbólóhùn kan yẹn ti yọ ọ́ kúrò láàárín ará oko, ó ti fi í sí àárín àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Pé bàálù kì í wá lóru kò dín iyì ìráhùn náà kù.

Bí bàálù ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyí. Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira tí ìjọba la ilẹ̀ gbọọrọ kan lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà Èrúwà, wọ́n da ọ̀dà sí i, wọ́n pè é ní pápá bàálù. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀gá tó ń bójú tó oko ìjọba lè máa tètè dé ni. Bàálù kékeré kan ló ń wá, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí kì í wá rárá. Ariwo rẹ̀ kò tó ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa. Ẹ̀rọ yẹn ń ké láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ráhùn nípa rẹ̀ rí. Kò sí iyì nínú ẹ̀rọ àgbàdo.

Wọ́n nílò òkúta láti fi ṣe pápá náà, wọ́n sì fọ́ àpáta kan tó wà nítòsí odò. Orí àpáta yẹn ni ìyá mi kékeré ti ń sá láfún láti ìgbà tó ti di ìyàwó ilé. Àbúrò ìyá mi ni, òun ló tọ́ mi dàgbà. Ẹni tó bá mọ láfún mọ̀ pé ibi tí a bá sá a sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èèyàn lè bẹ ẹ̀gẹ́ dáadáa, kó rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi dẹ̀, kó fún omi rẹ̀ dànù. Bó bá lọ sá a sórí ilẹ̀ lásán, yanrìn yóò bá a lọ, ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò máa fi eyín ṣa òkúta. Láfún ìyá mi kékeré kì í ní yanrìn. Àwọn oníbàárà a máa wá láti Abẹ́òkúta, wọ́n á kọjá lára gbogbo àtẹ, wọ́n á máa bèèrè pé, "Ìyá Aláìníyanrìn dà?" Ìlú wa ni ìlú tó jẹ́ pé bí o bá ké "Ìyá Ìbejì" lójú títì, ìdajì àwọn obìnrin ibẹ̀ ni yóò yíjú sí ọ. Ìyá mi kékeré kò bímọ. Orúkọ láfún yẹn ló wà níbi tí orúkọ ọmọ ì bá wà.

Nígbà tí wọ́n fọ́ àpáta rẹ̀, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó dúró kí ọ̀dà gbẹ, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lọ sá láfún sórí pápá bàálù.

"Àpáta mi náà ni," ó ní. "Wọ́n kàn tẹ́ ẹ ni."

Àwọn obìnrin yòókù tẹ̀ lé e. Ọ̀dà dúdú a máa fa oòrùn, láfún tó ń gbẹ lọ́jọ́ mẹ́ta lórí àpáta ń gbẹ lọ́jọ́ méjì níbẹ̀. Bí èèyàn bá wo pápá náà láti òkèèrè, yóò rò pé ọ̀wọ́ lékeléke ló bà síbẹ̀. Òyìnbó onírùngbọ̀n pupa tó ń wa bàálù kò bá wọn jà. Bó bá dé, yóò kọ́kọ́ yí ìlú po lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọn obìnrin bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á ké pé, "Ó ti dé o! Ẹ kó o!" ìgbálẹ̀ àti apẹ̀rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tán, ìyá mi kékeré á ṣí gèlè, á jù ú sókè, òyìnbó á sì bà. Kò sẹ́ni tó ṣèpàdé lé e lórí. Bóyá ìdí tó fi ń gún nìyẹn.

Ogun abẹ́lé parí, owó epo ń wọlé, ìròyìn dé pé ìjọba fẹ́ mú pápá wa gùn sí i kí jẹ́ẹ̀tì lè máa bà síbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní yunifásítì ni, mo wà nílé, mo ń retí iṣẹ́. Wọ́n pè mí sí ìgbìmọ̀ tí yóò tako ariwo. Wolé-wolé kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága.

"Jẹ́ẹ̀tì kì í ṣe bàálù lásán o," alága sọ fún wa ní pálọ̀ rẹ̀. "Ariwo rẹ̀ a máa fọ́ gíláàsì ojú fèrèsé."

Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó wà láàárín wa wò yíká. "Alága, ilé ta ló ní gíláàsì lójú fèrèsé?"

"Tèmi," ni alága wí, ó sì nawọ́ sí i. "Kí lẹ rò pé ó sọ mí di alága?"

Bí òkìkí ìgbìmọ̀ wa ti ń kàn, àwọn ará Tápà, ìlú Ìbàràpá mìíràn tó jìnnà sí pápá wa, rán èèyàn sí wa pé àwọn náà fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé bi àgbàlagbà tí wọ́n rán pé, "Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ bàálù ní Tápà?"

"Bí afẹ́fẹ́ bá dára, à ń gbọ́ ọ."

"Bí afẹ́fẹ́ ò bá wá dára ńkọ́?"

"Ẹ gbọ́," ni bàbá náà wí, inú ti ń bí i, "ṣé ẹ̀yin nìkan ni ìjọba lè yọ lẹ́nu ni?"

A gbà wọ́n wọlé. Lánlátẹ̀ náà wá.

Òfin kan ṣoṣo ni alága fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ láfún níwájú ìjọba. Ìyàwó tirẹ̀ gan-an ń sá a síbẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí jẹ́ẹ̀tì ń yọ lẹ́nu kò gbọdọ̀ jẹ́ ìlú tó ń sá ẹ̀gẹ́ sí pápá bàálù. Gbogbo wa rí i pé òdodo ọ̀rọ̀ ni.

Ìyá mi kékeré bi mí léèrè lọ́jọ́ tó ṣáájú ìpàdé. Ó ń fọ́ ẹ̀gẹ́ nínú agbada.

"Alákọ̀wé, kí lẹ fẹ́ sọ fún ìjọba lọ́la?"

"Pé ariwo ti pọ̀ jù, Ìyá."

"Ariwo kí ni?"

"Ti bàálù."

Ó wò mí títí. "Ìwọ tó jẹ́ omi tútù ni mo fi ń jí ọ."

"Gbogbo ìlú ni mò ń gbẹnu sọ fún, Ìyá."

"Bí kò bá wá pariwo mọ́, kí ni yóò sọ fún wa pé ó ń bọ̀? Ṣé a ó máa wo òkè bí adìẹ tó ń mumi ni?"

"Ọ̀rọ̀ ìlọsíwájú ni, Ìyá."

"Ìlọsíwájú ló fọ́ àpáta mi níjọ́sí. Èmi náà á wá síbi ìpàdé yín."

Ọ̀gá tí ìjọba rán wá jẹ́ ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé. A gbọ́ bó ṣe ń fi Yorùbá bú dẹ́rẹ́bà rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ló bá wá, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì lè gbọ́. Wọ́n ní kí n ṣe ògbufọ̀.

Alága sọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ọkùnrin kan láti Lánlátẹ̀ ní àyà òun máa ń já tóbẹ́ẹ̀ tí òun kò lè jẹ ju abọ́ méjì lọ mọ́. Àgbàlagbà láti Tápà ti di òwú sí etí méjèèjì kí ìjọba lè fojú ara rẹ̀ rí ìyà tó ń jẹ wọ́n. Nígbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀, wọ́n pè é, wọ́n pè é, kò gbọ́. Ọ̀gá ìjọba mi orí, ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ìyá mi kékeré bá dìde. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí ọ̀gá kú ewu ọ̀nà, ó kí alága, ó ní:

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ariwo bàálù kò ṣe wá ní nǹkan kan. Òun ló ń jí wa sí iṣẹ́ wa. Bó bá ti yí ìlú po, a ó mọ̀ pé ó ti dé, a ó kó láfún wa kúrò lórí pápá, òun á bà, a ó tún sá a padà. Bí ẹ bá fẹ́ mú pápá gùn, ẹ mú un gùn, àyè á tún gbà wá sí i. Ariwo yẹn nìkan ni kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wa. N kò ní àpáta mìíràn."

Alága ń wò mí. Mo yíjú sí ọ̀gá, mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ìyá náà ní ariwo ń dí àwọn obìnrin lọ́wọ́ iṣẹ́.

Ọ̀gá gbọ́ èyí tí ìyá mi sọ, ó gbọ́ èyí tí mo sọ. Tèmi ló kọ sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ mi gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ," ìyá mi kékeré wí jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì jókòó.

Ọ̀gá ní ìjọba ti gbọ́ igbe wa. Ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣì ń wò ó. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, bàálù kékeré kò ní yí ìlú po mọ́. Ẹ̀yìn òkè ni yóò ti máa wọlé tààrà, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò sì máa rọra ké. A pàtẹ́wọ́. Ará Tápà rí i pé à ń pàtẹ́wọ́, òun náà pàtẹ́wọ́.

Ìyá mi kékeré wá ń rán ọmọ kan sórí òkúta kékeré kan pé kó máa wo ọ̀run. Ọjọ́ kan wá wà lẹ́yìn òjò ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí oòrùn yọ, tí gbogbo obìnrin gbé láfún tútù jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ náà sùn. Ẹ kò lè bá a wí. Kò sí ariwo tó lè jí i.

Bàálù yọ lẹ́yìn òkè bí ẹyẹ àṣá. Àwọn obìnrin sá, ẹnikẹ́ni kò fara pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n láfún tútù a máa yọ̀ ju ilá lọ. Bàálù bà sórí rẹ̀, ó yọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pápá dé òpin rẹ̀, ó yà wọnú igbó, ó fi imú gún oko àgbàdo kan, ó dúró. Láfún tó fọ́n sókè bo gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀gá ìjọba wa jáde, ó funfun láti orí dé bàtà. Ọjọ́ yẹn ló rántí Yorùbá.

"Yéè! Mo gbé o! Kí lèyí? Kí lèyí?"

Ìyá mi kékeré dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Láfún ni, ọ̀gá," ó ní. "Kò ní yanrìn tẹ́lẹ̀."

Jẹ́ẹ̀tì kò wá mọ́. Wọ́n ní pápá wa kò ṣeé gbọ́kàn lé, wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Bàálù kékeré náà kò padà wá. Alága pa àgbò, ó ní a ti ṣẹ́gun ariwo. A jẹ ẹran náà, kò sí ariwo kankan, ilé wa sì dákẹ́ bí ti ará oko. Ìjọba fi wáyà yí pápá ká, wọ́n fi ọlọ́dẹ kan síbẹ̀ tó ń lé àwọn obìnrin. Pápá tí kò sí bàálù níbẹ̀ mọ́ ni wọ́n ń ṣọ́ kí láfún má baà débẹ̀.

Ìyá mi kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í sá tirẹ̀ sórí ẹní lẹ́bàá títì. Lọ́rì ń kọjá, eruku ń bá a. Mo wà nítòsí àtẹ rẹ̀ lọ́jọ́ tí obìnrin Abẹ́òkúta kan dé, tó ń ké pé, "Ìyá Aláìníyanrìn dà?" Ìyá mi kékeré ń to igbá. Ó gbọ́ ọ. Kò dáhùn. Obìnrin náà ké e lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kọjá lọ.

Mo ríṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó ń fi láfún ránṣẹ́ sí mi. Lọ́jọ́ kan mo gba ẹlẹgbẹ́ mi kan lálejò, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Ó ń sọ bí bàálù kì í ṣe jẹ́ kí òun sùn níbẹ̀, ó bu òkèlè, òkúta sì ró lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró, ó wò mí. Mo lè sọ fún un ibi tí òkúta náà ti wá.

"Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ bàálù sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi," ni mo wí, mo sì fọwọ́ nu ojú. "Nílé tiwa, jẹ́ẹ̀tì ni. Kò jẹ́ kí n sùn rí."

Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.