Bí Mo Ṣe Wá Mílíìkì Lọ sí Ìlú Bìní Láì Gbọdọ̀ Ka Ọmọ

Àkùkọ kò tíì kọ ní Odigbo tí mo ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà, tí mo ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí Bọ̀sẹ̀ ìyàwó mi bí ìbẹ́ta. Ìbẹ́ta, ẹ̀yin ènìyàn mi! A ti ní ọmọ méjì tẹ́lẹ̀. Ìjọba ológun ń pariwo lórí rédíò pé ọmọ mẹ́rin ti tó fún obìnrin kan, èmi tísà oníṣirò sì ti gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí bébà pé kí a bí ẹyọ kan sí i, kí a dúró sí mẹ́ta. Ọlọ́run rí mẹ́ta lórí bébà mi, ó ní kò burú, ó sì kó mẹ́ta fún wa lẹ́ẹ̀kan náà!

Àmọ́ ọmú méjì ni Bọ̀sẹ̀ ní, ẹnu mẹ́ta ló sì ń bẹ̀ ẹ́. Àwọn ọkùnrin méjì tó kọ́kọ́ jáde lágbára bí ọmọ ẹfọ̀n, wọn kì í jẹ́ kí ó kan ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kéré débi pé ọwọ́ mi kan gbà á láti orí dé ìdí, ohùn ẹkún rẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí fún wa wò ó, ó wò mí, ó ní, "Tísà, ọmọ yìí gbọ́dọ̀ rí mílíìkì agolo mu, kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀la. Tí kò bá rí i, ẹ má bi mí léèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀." Mo wá mílíìkì ní gbogbo Odigbo, mo wá a dé Ore. Sápù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ti gbá orí àtẹ gbogbo wọn mọ́. Agolo tí a ń rà ní náírà mẹ́rin tẹ́lẹ̀ ti di ogún náírà, kò tún sí níbì kankan. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan ní Ore ló sọ fún mi pé ilé ìgbẹ̀bí kan wà ní Bìní tí wọ́n ti ń tà á ní iye tí ìjọba fi lélẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ jáde, Ìyá Àgbà, ìyá Bọ̀sẹ̀, dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Tóyìn, ẹ ó lọ re, ẹ ó bọ̀ re. Àmọ́ kí n má gbọ́ pé ẹ ka àwọn ọmọ wọ̀nyí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má sọ pé mélòó ni wọ́n. Ó di ọjọ́ ìkómọ."

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Ẹ búra."

Mo búra. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyà tó jẹ mí! Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta láti àárọ̀ di ọ̀sán, ìgbà tí ìṣirò tó dùn jù láyé mi dé, wọ́n ní kí n pa ẹnu mọ́.

"Tísà, inú yín mà ń dùn o," ni ọlọ́kadà wí nínú òkùnkùn. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọlọ́run ṣe é ni," ni mo wí, mo sì gé ètè jẹ.

Oko kòkó àti pákí la gbà kọjá, àwọn àtọ̀húnrìnwá tó ń dáko níbẹ̀ sì ti ń dáná lẹ́nu abà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a mọ orúkọ gbogbo abà tó wà lọ́nà yẹn. Nísinsin yìí, bí ẹ bá fi oṣù kan ṣàìkọjá, abà tuntun mẹ́ta ti dé. Ore tiẹ̀ wá burú jù! Àwọn àgbà ní ìkóríta lásán ni kí ọ̀nà márosẹ̀ tó dé. Odigbo ló ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀, Ore ló gba àga olú-ìlú rẹ̀, bí àbúrò tó ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ kò tíì mọ́, àwọn obìnrin ti ń din àkàrà, àwọn ọmọ gáréèjì sì ń pe "Bìní! Bìní! Ó ku ẹnì kan!" nígbà tí ó ku ènìyàn mẹ́wàá. Mo ra pupuru àti ẹja sínú ọ̀rá, mo wọ bọ́ọ̀sì.

Ọmọ Bìní ni dírẹ́bà wa, Ọ̀sáró lorúkọ rẹ̀. Dírẹ́bà tiwa ní Odigbo, bí èrò kan bá lọ kí àna rẹ̀ nítòsí gáréèjì, yóò dúró dè é, yóò tún bi í bóyá àna wà dáadáa. Ọ̀sáró kò mọ ìyẹn. Ẹsẹ̀ mi kan ṣì wà nílẹ̀ tó ti gbéra. "Oga teacher, carry your leg enter!" ló wí, ó ní kí n kó ẹsẹ̀ mi wọlé, bí ẹni pé mo gbàgbé rẹ̀ síta. Àwọn tiwa máa ń fọn fèrè kí wọ́n tó ya ọkọ̀ kankan sílẹ̀, wọ́n á tún fọn òmíràn láti fi dúpẹ́. Ọ̀sáró kò fọn nǹkan kan. Ó ya tírélà sílẹ̀ lórí òkè, ó ń fi ọwọ́ kan jẹ ẹ̀pà. Gbogbo bọ́ọ̀sì ń pe Jésù. Èmi nìkan ni mo ń rẹ́rìn-ín, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì rọra sún kúrò lọ́dọ̀ mi.

Bí a ṣe kọjá Ọ̀fọ̀sù, ilẹ̀ yí padà. Kòkó dín kù, igi rọ́bà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ilé-ìwé láàárọ̀, amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé pupa ju tiwa lọ. A rí agboolé ńlá kan lẹ́bàá ọ̀nà tí ọmọ ń tú jáde nínú rẹ̀ bí ìgbà tí a lu aago ìparí ilé-ìwé. Ọkùnrin kan níwájú mi na ọwọ́ sí i. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ó ní, "Ilé bàbá mi nìyẹn! Ìyàwó márùn-ún. Àwa ọmọ, mọ́kànlélógún!"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mọ́kànlélógún, láàárín èrò ọkọ̀! Ẹ bi bàbá kan ní Odigbo pé ọmọ mélòó ló bí, yóò ní, "Wọ́n wà, a dúpẹ́," ọ̀rọ̀ ti parí. Ọkùnrin yìí tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka èyí tó wà ní Èkó àti èyí tó wà ní Wọrí. Ìlara rẹ̀ pa mí. Èmi náà fẹ́ kà!

Ní Bìní, "Kóyo" ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Ìkíni wọn ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ẹyọ kan náà. Nílé wa, kí ẹ tó kí ẹnì kan tán, oòrùn á ti rìn. Ebi sáré mú mi ní gáréèjì, nítorí ìbẹ̀rù Ọ̀sáró kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan pupuru mi. Obìnrin olóúnjẹ kan gbé usí fún mi. Pákí kan náà tí a fi ń ṣe pupuru ni wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ wọ́n fi epo rò ó títí ó fi yọ̀. N kò tíì pinnu pé kí n gbé e mì tí ó ti lọ. Ó dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Ilé ìgbẹ̀bí náà kò ṣòro láti rí, nítorí ìlà. Lásìkò yẹn, níbi tí ẹ bá ti rí ìlà, ẹ tò sí i, ẹ ó béèrè ohun tí wọ́n ń tà níwájú. Èmi nìkan ni ọkùnrin láàárín àwọn ìyálọ́mọ. Obìnrin sísanra kan tí wọ́n ń pè ní Sísítà ló jókòó sídìí tábìlì. Agolo kan fún ọmọ kan ni òfin rẹ̀. Ó ti gbé ní Oǹdó rí, Yorùbá rẹ̀ já gaara.

"Ọmọ mélòó ni ìyàwó yín bí?"

"Ọlọ́run ṣe é, mà."

"Àmín. Mo ní mélòó?"

"Wọ́n wà, mà. A dúpẹ́."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó kọ ọ̀kan, ó gbé agolo kan síwájú mi. "Ẹni tó kàn!"

Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò kúrò. Agolo kan! Àwọn ọkùnrin méjì yẹn á mu ún tán kí obìnrin kékeré mi tó la ojú. Ojú Ìyá Àgbà wá sí mi lọ́kàn. Ohùn ọmọ náà tó ń lọ sílẹ̀ sì wá sí mi lọ́kàn pẹ̀lú.

"Sísítà, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀kan wà nílé tó ń ké bí fèrè tírélà."

"Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n?"

"Òmíràn wà tí kì í ké. Ọmú ni tirẹ̀, bí ẹ bá gbà á lẹ́nu rẹ̀, á fi ọwọ́ bá yín jà."

Ó dá kálámù dúró.

"Òmíràn tún wà, mà." Mo tẹ́ ọwọ́ mi kan sórí tábìlì. "Ó jẹ́ obìnrin. Kò tóbi. Òun gan-an ló rán mi."

Sísítà pa ọ̀kan tó kọ rẹ́. Ó kọ mẹ́ta. Ó gbé agolo méjì lé ti àkọ́kọ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ti kà wọ́n tán?"

"Rárá o, mà. Ẹ̀yin lẹ kà wọ́n."

Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Mo di agolo mi mọ́yà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó dé gáréèjì.

Bàbá Ìjẹ̀bú kan ló gbé wa bọ̀, Bàbá Ṣẹ́gun ni gbogbo èrò ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ mọ ìyàtọ̀ ilẹ̀ méjì, ẹ wọ ọkọ̀ wọn lọ́jọ́ kan náà! Kí ó tó gorí afárá, yóò ṣí fìlà láti gbàdúrà. Ó dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó dúró ra ẹran ìgbẹ́, ó tún dúró kí ọkùnrin kan tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, ó sì bi í léèrè ìyàwó àti ilé. Lójú mi, mílíìkì ti ń pẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Tísà, ẹni tó sáré àti ẹni tó rìn, Ore kan náà la ń lọ."

Ní Ọ̀fọ̀sù, àwọn ṣọ́jà dá wa dúró. Wọ́n ń wá àwọn tó ń kó ọjà pamọ́. Ọ̀kan nínú wọn tú àpò mi, ó gbé agolo mi sókè. "Hoarder!" Ó ní mo ń kó ọjà pamọ́. Ó ní òun á fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi, òun á gba méjì. "How many pikin you get for house?"

"Oga, God don do am."

"I say how many!"

Ó ti gbé agolo méjì sábẹ́ apá. Mo wo Bàbá Ṣẹ́gun, ó wo ilẹ̀. Nígbà náà ni ohun tí mo ti ń gbé mì láti ìdájí já ọ̀nà ọ̀fun mi jáde.

"Mẹ́ta ni wọ́n! Ìbẹ́ta! Three, oga, one day, one mama! Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta!"

Yéè! Bọ́ọ̀sì gbiná! Àwọn obìnrin bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń jó ní títì. Bàbá Ṣẹ́gun tẹ fèrè títí tí àwọn tírélà fi ń dáhùn. Ṣọ́jà náà la ẹnu. "Three? One time?" Ó kó agolo mi padà fún mi, ó sì kí mi bí ìgbà tí ó ń kí ọ̀gá rẹ̀. Bàbá Ṣẹ́gun fúnra rẹ̀ wá tẹ̀ ẹ́ láti ibẹ̀ dé Ore, kò ṣí fìlà fún afárá kankan mọ́.

Lórí ọ̀kadà láti Ore ni ẹ̀rù tó dé. Mo ti búra, mo sì ti kà wọ́n, lójú títì, fún àjèjì. Bí nǹkan bá ti ṣe obìnrin kékeré yẹn ńkọ́? Mo bọ́ kí ọ̀kadà tó dúró, mo sá wọlé. Oòrùn ń wọ̀. Bọ̀sẹ̀ jókòó, ó gbé e dání. N kò gbọ́ ẹkún. Mo sún mọ́ ọn, mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń wá nǹkan, tí kò rí i.

Omi ti wà lórí iná. Nígbà tí Ìyá Àgbà po mílíìkì, tí ó fi ṣíbí kán an sí i lẹ́nu, ó gbé e mì, ó wá ké fún èyí tó kù. Ẹkún náà le! Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, n kò mọ èwo ni mò ń ṣe.

Nígbà tí ó yó tán, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti Sísítà, mo sọ ti ṣọ́jà, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé ní ilé wa, a kì í ka ọmọ kí wọ́n lè dúró, àti pé níbi tí mo lọ, wọ́n ń kà wọ́n kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ. Ọmọ kan náà ni gbogbo wa ń ṣọ́.

Ìyá Àgbà dìde. Ó kó agolo wọ̀nyẹn, ó gbé èyí tí a ti ṣí sí ìgbèrí obìnrin kékeré náà, ó gbé méjì yòókù sí ìgbèrí àwọn arákùnrin rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wò wọ́n. N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo na ìka.

"Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta."

"Bàbá Tóyìn!"

"Agolo ni mò ń kà, Ìyá."

Ó yí ojú sí ògiri, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì tìrín-tìrín. Nígbà tó yá, ó fi etí aṣọ nu ojú.

"Ẹ tún un kà," ló wí, "kí n gbọ́."