Èwo Ni Tìrẹ Nínú Méjèèjì?

Ọdún méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí áàpù kan tó ń sọ ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀ fún àgbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ní tiwọn. Ọ̀gá mi ní kí n gbé méjèèjì lọ bá àwọn tí yóò lò ó, kí n wo èyí tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Bí tiwa bá borí, a ó gbé e jáde kí wọ́n tó gbin àgbàdo àkọ́kọ́. Bí kò bá borí, a ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti ń ṣe fáàrí kí ọjọ́ tó pé.

Odò-Ọwá, ìlú ìyá mi, ni mo kọ́kọ́ lọ. Àbúrò ìyá mi, tí mò ń pè ní Àǹtí, ló kó àgbẹ̀ mẹ́jọ jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n tó gbé fóònù lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, wọ́n bi mí pé, "Èwo ni tìrẹ?" Èmi òpè, mo fi hàn wọ́n.

Ó parí. "Uṣẹ́ ọmọ ria mà dára o!" Gbogbo wọn ló ń yin iṣẹ́ ọmọ wọn, ohùn Àǹtí ló sì ròkè jù. Bẹ́ẹ̀, mo ń wo ìka wọn. Nínú tèmi, ìka ń rìn kiri bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé ẹyin sí. Nínú ìkejì, kíá ni wọ́n rí òjò ọ̀la. Inú bí mi. Èmi kò wá láti Ìlọrin nítorí ìyìn. Irọ́ ni, ìyìn gan-an ni mo bá wá, àmọ́ mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ní Ìdòfin, ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi mí. Mo purọ́, mo nawọ́ sí ti ilé-iṣẹ́ kejì. Bàbá àgbàlagbà kan yìn ín títí, ó wá gbé tèmi sókè.

"Ta ló ṣe eléyìí? Ṣé kò ní ìyá tó lè bi léèrè ni? Búlúù ni gbogbo rẹ̀. Omi ni mo rí, òjò ń bọ̀ nìyẹn."

Ojú ọ̀run tó mọ́ kedere ni mo fi búlúù yẹn ṣàpẹẹrẹ, ọjọ́ tí òjò kò ní rọ̀ rárá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo kó fóònù mi.

Ojú ọ̀nà ni mo wà nígbà tí mo rántí. Àǹtí ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba áàpù náà sórí fóònù, lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo ṣì ń dán an wò. Ọdún náà ni àgbàdo wọn gbẹ mọ́lẹ̀, tí gbogbo wa ní oòrùn ló pa á.

Mo yà sílé Àǹtí. Iyán ni wọ́n gbé síwájú mi.

"Àǹtí, ṣé búlúù yẹn lẹ rí tí ẹ fi gbin àgbàdo?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo rò pé òjò ni."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ."

Ojú tì mí. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Mo gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́, mo ní n kò ní jẹun àfi tí wọ́n bá sọ gbogbo ohun tó burú nínú iṣẹ́ mi. Wọ́n gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Iyán náà tutù kí wọ́n tó parí.