Ọkùnrin Tó Ya Ọ̀nà Sáàárín Òkè Yìnyín

Pẹ́ńsù kì í kúrò létí ọkùnrin yẹn, kódà bó bá ń gbàdúrà. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ ní Hulme, lókè òkun, nígbà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo fọ́tò tí wọ́n yà látinú bàálù lókè ilẹ̀ yìnyín tó wà nísàlẹ̀ ayé, kó sì fi ya máàpù.

Ó rí àyè tóóró kan láàárín òkè méjì, ó sì yà á bí ọ̀nà. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó fún un lórúkọ, ó kọ̀. Ó ní, "Nílé wa, ọmọ á kọ́kọ́ wáyé ná, ká tó sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Ẹ jẹ́ kí èèyàn gba ibẹ̀ kọjá ná."

Nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò mẹ́rin wá gbéra láti gba ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ òjìji ni mo rí nínú fọ́tò ńkọ́? Bó bá jẹ́ ọ̀gbun ni mo pè lọ́nà?"

Ó ní kí ìjọ bá òun gbàdúrà fún àwọn tó wà nínú yìnyín. Ìyá àgbà kan bi í pé, "Ọmọ rẹ mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Mẹ́rin ni wọ́n, mà."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Oxford Road nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó gbọ́ ọ tán, ó rọra jókòó.

"Wọ́n ti kọjá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin!"

Mo ní, "Ọpẹ́ o! Orúkọ wo lo wá fẹ́ sọ ibẹ̀?"

"Àwọn tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni kó sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ebi ń pa èmi."