Phetole, Adájọ́ Orin Háòsì ní Mamelodi

Ní Mamelodi, kò sí orin háòsì, orin ijó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, tí ẹnikẹ́ni lè fi tan Phetole Maserumule jẹ. Kí wọ́n ṣáà ti fi orin sí i, kí ìlù ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó wọlé rárá, Phetole á ti nàró lórí àga, á ní, "Díìpù nìyẹn," tàbí, "Bakádì ni, ẹ dá a padà sí Atteridgeville." Díìpù ni èyí tó ń rọra lọ, tí ohùn dùùrù rẹ̀ ń wọni lára. Bakádì, orin àwọn ará Atteridgeville, le ní tirẹ̀, ìlù rẹ̀ ń sáré, fèrè rẹ̀ ń ké bíi ti ọlọ́pàá ojú pópó. Èyí tí akọrin bá ti ń ké ìfẹ́ ìfẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, Phetole á ní orin àwọn tó ń tún ilé ṣe lọ́jọ́ Sátidé ni. Gqom tí wọ́n ń gbé bọ̀ láti Durban ńkọ́? Ìyẹn, kò tiẹ̀ kà á mọ́ orin, ó ní bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè ló ń dún. Ẹnu rẹ̀ mú, kì í sì í ṣì í, ohun tó bà á jẹ́ gan-an nìyẹn. Wọ́n ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣìnà rí, kí ló fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ta ni?

Iṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò ló ń ṣe. Àmọ́ tó bá di ọ̀sán Àìkú, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti tú, ọ̀dà parí nìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn díìpù, tí òun náà wà nínú rẹ̀, máa ń pàdé ní àgbàlá ọmọ ẹgbẹ́ kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oníkálùkù á gbé àga tirẹ̀ àti kúlà ọtí tirẹ̀ wá, wọ́n á dá iná ẹran, wọ́n á sì jókòó gbọ́ díìpù bí ìgbà téèyàn ń gbọ́ ìwàásù. A kì í sọ̀rọ̀ lórí orin níbẹ̀. A kì í sì í bi díjéè pé kí lorúkọ orin tó fi sí i, àfi ẹni tó bá ń wá ìjà. Phetole a tún máa lẹ bébà mọ́ ojú àwo orin rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà ka orúkọ tó wà lára rẹ̀.

Kgabo àbúrò rẹ̀ nìkan ló gbà láàyè láti ṣí bébà yẹn. Ìyá wọn ti kú, Phetole ló tọ́ ọmọ náà dàgbà, òun ló sì kọ́ ọ bí etí ṣe ń dá orin mọ̀. Bí wọ́n bá jókòó ti páàpù, òkèlè àgbàdo wọn, àti ṣàkì, Phetole á fi orin sí i, á ní, "Kí nìyí?" Tí Kgabo bá ṣì í, ẹ̀gbọ́n á mú ẹran kan nínú abọ́ rẹ̀. Páàpù lásán ni Kgabo jẹ títí kó tó mọ díìpù yàtọ̀. Nígbà tó wá mọ̀ ọ́n tán, etí tirẹ̀ dáa ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Phetole mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ ọ́ rí.

Ọjọ́ Àìkú tó kan àgbàlá tiwọn, ìdí iná ẹran ni Phetole wà tí orin kan wọlé. Dùùrù inú rẹ̀ ń rọra lọ bíi ti díìpù, ṣùgbọ́n ìlù bakádì ń jà lábẹ́ rẹ̀, ìró kan sì ń kù nísàlẹ̀ bí ẹni ń lu ìtì igi. Àwọn obìnrin jó jáde láti ilé ìdáná. Ntate Lekgothoane, bàbá arúgbó tí orúnkún ti dè mọ́ àga, dìde dúró. Phetole dé pẹ̀lú fọ́ọ̀kì ẹran lọ́wọ́, ó sì fa wáyà yọ.

"Ta ló gbé èyí sí i?"

"Èmi ni, Abuti," ni Kgabo wí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é fúnra mi."

"Phetole, dá orin yẹn padà jàre!" Ntate Lekgothoane figbe ta. "Orúnkún mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà fún mi ni!"

"Ẹ jókòó, Ntate. Orúnkún yín ò mọ orin." Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Kì í ṣe díìpù, kì í ṣe bakádì. Ta ló ń da ṣúgà sọ́bẹ̀?"

"Àbí kò dùn ni, Abuti?"

"Ṣé mo bi ẹ́ bóyá ó dùn? Àdàlù ni! Lọ kọ́ ìyàtọ̀ ná, kó o tó máa pe ara ẹ lólórin."

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Kgabo náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ká wáyà rẹ̀, ó wọlé lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ló tẹ̀ lé àbúrò ìyá wọn lọ sí Rustenburg láti lọ ṣiṣẹ́ nínú ihò ìwakùsà. Wọ́n ní kò fọwọ́ kan orin mọ́.

Ohun tí Phetole kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ti ń jó nídìí ẹran lọ́jọ́ náà, kó tó lọ fa wáyà yọ.

Ọdún ń gorí ọdún. Orin kan wá gba ìgboro, wọ́n ń pè é ní amapiano. Nínú gbogbo mọ́tò tí wọ́n gbé wá kùn ló ti ń dún, bíi ti Kgabo gẹ́lẹ́: dùùrù tó ń rọra lọ, ìtì igi tó ń kù nísàlẹ̀. Phetole ò sọ pé ẹnì kan jí i lọ́wọ́ Kgabo. Òjò kì í rọ̀ sórí ilé ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà yẹn kí èrò tó débẹ̀, Phetole fúnra rẹ̀ ló sì lé e kúrò. Àbámọ̀ náà jẹ ẹ́ débi pé kò lọ sí ẹgbẹ́ mọ́.

Níkẹyìn, ọ̀rọ̀ náà sú Mmapula ìyàwó rẹ̀. "O ń dá ara ẹ lẹ́jọ́ sétí èmi lójoojúmọ́! Ṣé èmi lo ṣẹ̀ ni? Gbéra, lọ bẹ ọmọ ìyá ẹ."

Ló bá wọ takisí lọ sí Rustenburg. Ó mú sípíkà kékeré kan dání. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, kó sì bẹ Kgabo pé kó máa bọ̀ nílé, kó wá máa ṣe orin rẹ̀. Kgabo dì mọ́ ọn, ó ń pariwo ìdùnnú, wọ́n sì gbé àga síta fún wọn níwájú ilé. Phetole tẹjú mọ́lẹ̀, ó sì fohùn jẹ́jẹ́ sọ gbogbo rẹ̀: ìlara tó ṣe é, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń jó, wáyà tó fà yọ. Ó sọ ọ́ tán.

"Ẹ kú ìrìn o, Abuti," Kgabo dá a lóhùn tẹ̀rín tẹ̀rín. "Ṣé ọ̀nà ò gbóná jù?"

Keitumetse, ìyàwó Kgabo, gbé tíì wá. "Kò gbọ́ yín o," ló wí. "Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu àpáta nínú ihò yẹn ló ba etí ẹ̀ jẹ́. Ẹ pariwo ẹ̀, á gbọ́ díẹ̀."

Phetole wo iwájú wo ẹ̀yìn. Àwọn aládùúgbò wà lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan ń sá aṣọ. Ojú gbogbo èèyàn ló ti dá àbúrò rẹ̀ lẹ́bi, ṣùgbọ́n láti pariwo ẹ̀bẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ojú tì í. Ó la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Mo mú orin wá!"

"Orin? Ẹ fi sí i, Abuti!"

Ó gbé sípíkà lé àárín wọn, ó fi amapiano kan sí i, èyí tó ń jà nígboro. Kgabo di ojú, ó ń mi orí, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Inú Phetole dùn díẹ̀. Ó ní bóyá ìró ìsàlẹ̀ yẹn ṣì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgbà náà ni iná tán nínú sípíkà, orin dákẹ́. Kgabo ò dáwọ́ dúró. Ó ṣì ń mi orí, ojú rẹ̀ ṣì dì, ó ń rẹ́rìn-ín fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ó dùn, Abuti," ló wí. "Díìpù pọ́nbélé ni. Kò sí àdàlù kankan níbẹ̀."

Phetole kò sọ fún un pé orin ti tán. Ó ń mi orí tirẹ̀ náà.