Ọkọ Tó Gbé Báàgì Dé Lọ́dún Tuntun

Ojú ò ti àwọn ọkùnrin kan rárá o!

Mò ń gbálẹ̀ láàárọ̀ yìí ni ọkọ mi gbé báàgì wọlé. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti já wa jù sílẹ̀, torí pé mo bí obìnrin ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

"Ìyá Bọ́lá, ọdún tuntun ti dé. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

Kò béèrè ọmọ kankan. Yàrá rẹ̀ ló ń béèrè!

Àbígbẹ̀yìn mi jáde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ta lẹ ń wá?"

Kò lè dárúkọ ọmọ náà. Ṣé ó dúró ṣe ìsọmọlórúkọ ni?

Mo ní, "Bàbá yìí ṣìnà ni. Lọ fi gáréèjì ọkọ̀ Ọ̀wọ̀ hàn wọ́n, kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá."

Ìyá ọkọ mi ti pè mí lórí fóònù, ó ní ìkà ni mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ká ní ẹ̀yin ni ńkọ́?