Sátidé Tí Wọ́n Ní Kí Bàbá Mi Má Wòkè

Ẹ má bínú sí mi o, èmi kọ́ ni mo sọ bàbá mi lórúkọ. Àwọn ará àdúgbò ló ń pè wọ́n ní Kò-Tàn-Dáadáa, wọ́n sì ń dáhùn. Iṣẹ́ iná ni wọ́n ń ṣe. Tí wọ́n bá wọ ilé onílé, kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni, wọ́n á ti kọ́kọ́ gbójú sókè wo àjà. "Ẹ ǹlẹ́ o. Gílóòbù yín yìí ò tàn dáadáa."

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó, kó bá wọn jáde nígbà tí Kérésì bá ń sún mọ́lé. Ìyá mi fẹ́ràn ìgboro lásìkò yẹn. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń fẹ́ ká jáde, ká wo àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ká wọ àárín èrò, ká má ra nǹkan kan, ká ṣáà máa nàka.

Sátidé àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, a ò tíì rìn jìnnà tí bàbá mi fi rí okùn iná kan tó kú lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Gílóòbù wẹ́wẹ́ ni, wọ́n so kọ́ra. Tí ọ̀kan bá kú, gbogbo ìyókù á dijú. Ká tó ṣẹ́jú, bàbá mi ti yá àga, wọ́n ti gun orí ẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa, wọ́n ń tú gílóòbù wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni wọ́n ń wí látòkè.

"Ọmọ tuntun wo?" ni ìyá mi bi wọ́n. "Ṣé gílóòbù lọmọ tuntun?"

Wákàtí kan la fi dúró síbẹ̀.

Sátidé kejì, ibi ìṣeré la lọ. Ìyá mi ra áìsìkirimù méjì. Bàbá mi ní, "Mò ń bọ̀," wọ́n sì gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé àwọn ọmọdé yí po lọ. Ìyá mi di ti bàbá mi mú títí ó fi yọ́ ṣàn dé ìgúnpá wọn. Bàbá mi padà dé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Iná ẹ̀rọ yẹn ti ń tàn báyìí!"

Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà ilé, ìyá mi sọ̀rọ̀. "Bàbá àwọn ọmọ mi, láti ọjọ́ tá a ti ń jáde, ẹ̀yìn yín nìkan ni mo máa ń rí. Ó tó gẹ́ẹ́. Àbúrò mi ni màá máa bá jáde. Ẹ̀yin ẹ máa bá gílóòbù lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun bàbá mi wọra. Wọn ò jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wá bá mi nínú yàrá pé kí n bá wọn bẹ̀bẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ pé èmi ni mo gbọ́n jù nínú àwọn ọmọ wọn. Wọ́n sọ ọ́ o.

Ìyá mi gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣòfin. "Sátidé tó kẹ́yìn yìí nìkan. Ẹ ò gbọ́dọ̀ wòkè. Tẹ́ ẹ bá wòkè lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ gbà mí, ṣebí iná la fẹ́ lọ wò?"

"Èmi ni màá wo iná. Kí bàbá yín máa wolẹ̀."

Nígbà tí Sátidé náà dé, bàbá mi wolẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n dorí kodò láàárín ìgboro bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sọnù. Obìnrin kan tó ń ta fèrè àti bàlúùnù káàánú wọn. "Bàbá, kí ló bọ́ lọ́wọ́ yín?"

"Òmìnira mi ni."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ẹ́ pa mí. Kí n tó rín in tán, bàbá mi ti dúró. "Ẹsẹ̀ rẹ," ni wọ́n wí fún ìyá mi. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn. O ò fi tẹlẹ̀ dáadáa."

"Bàtà ló le."

"Kì í ṣe bàtà. Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá mi wojú mi, wọ́n wo ọ̀nà. "Ọdún kẹta rèé. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí àga?"

Ojú tì mí. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n, mi ò rí i rí.

Bàbá mi mú wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú eruku, wọ́n bọ́ bàtà náà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé itan ara wọn. Ọrùn ẹsẹ̀ ti wú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra á. "Ọdún mẹ́ta," ni wọ́n ń wí. "Ọdún mẹ́ta gbáko." Ìyá mi ń fi etí gèlè nu ojú.

Àfi bí gbogbo iná orí wa ṣe kú pìì. Àwọn èèyàn pariwo, "Háà!" Ọwọ́ bàbá mi dúró.

"Iná ti kú," ni ìyá mi wí jẹ́jẹ́. "Ẹ lè wò ó. Mi ò ní bínú."

Bàbá mi ò gbórí sókè. "Jẹ́ kó kú," ni wọ́n dáhùn. "Gbé ẹsẹ̀ kejì wá."