Ọkàn Tí Ọmọ Ọmọ Mi Ń Bọ́

Òkun ti gbé ilé àwọn ará ọ̀tún wa lọ kí ọmọbìnrin mi tó fi ìbínú wọ ọkọ̀ láti Igbọ́kọ̀dá wá bá mi. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ṣé omi ló gbé yín níyàwó ni? Ẹ kó ẹrù yín ká máa lọ."

Mo ní kó kọ́kọ́ jẹun ná. Mo ní mi ò yarí, ọmọ rẹ̀ ni mò ń dúró dè.

Ọmọ rẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí, nítorí ọjà tí ìyá rẹ̀ ń ná ní Igbọ́kọ̀dá kò jẹ́ kó ráyè. Inú ilé pákó tí a fi òpó gbé sókè lójú omi yìí ló ti kọ́ ìrìn. Kò tíì ga tó àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ lọ sílé ìwé fúnra rẹ̀. Ní báyìí ó wà lókè òkun, ó ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ó ti bẹ̀ mí lórí fóònù pé, "Màmá, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú ilé yẹn o. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, màá wá sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i." Ìdí tí mi ò fi kúrò nìyẹn.

Ó pẹ́ kí iṣẹ́ tó ń kọ́ tó yé mi. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ kọ́ níbí. Nígbà tó dé ọ̀hún, wọ́n kó àwọn tó mọ ẹ̀rọ àti àwọn tó mọ ara ènìyàn pọ̀, wọ́n ní kí oníkálukú lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnìkejì. Mo bi í bóyá dókítà ló fẹ́ dà ni tàbí mẹkáníìkì.

"Àárín méjèèjì ni, Màmá."

Ó ní ohun kan wà nínú ara wa tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan nínú wọn kò tíì yan ohun tí wọ́n máa dà. Tí ènìyàn bá mọ̀ ọ́n tọ́jú, wọ́n lè di egungun, wọ́n lè di awọ. Tirẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n di ọkàn. Ó ń hun ohun kan bí àwọ̀n tín-ín-tín tí wọ́n máa dì mú kí wọ́n má bàa fọ́n ká. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó ti ilé ìwòsàn wá, ló ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ wọn.

Bíbọ́ yẹn gan-an ni wàhálà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹun, wọn kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀, ó gbàgbé wọn, gbogbo wọn sì kú. Ó pè mí, ó ń sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹja tí mo kọ́kọ́ yan láyé mi, èédú ni mo kó kúrò lórí iná. Ìyá mi ní kí n jẹ ẹ́."

"Ẹ sì jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́. Ìwọ má jẹ tìẹ o."

Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo ra edé, mo yan ọ̀bọ̀kún, mo sá ẹní rẹ̀ sóòrùn. Ó ku díẹ̀ kó wọ ọkọ̀ òfurufú ló pè, ó ní kí n wo fóònù dáadáa. Ohun kan bí ẹyin ẹja wà nínú àwo kékeré. Ó ń súnkì, ó ń tú, ó tún ń súnkì. Ó ń lù, bẹ́ẹ̀ kò sí ènìyàn tó so mọ́.

"Ọkàn ta nìyẹn?"

"Ẹnì kan ló fi awọ ara rẹ̀ tọrẹ, Màmá, òun la yí padà di ọkàn. A ò mọ̀ ọ́n."

Mo kí i. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé onílé, ó yẹ ká kí i. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo rò pé ọmọ náà á fi mí rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù, Màmá. Ó pẹ́ tá a ti ń wá a."

"Ta ni yóò bá ọ bọ́ wọn?"

Lọ́dọ̀ wa, tí ẹja ẹni bá wà lórí iná tí ìrìn sì yá, aládùúgbò ló ń bá ni yí i.

"Ọkùnrin tó kọ́ mi ni ì bá bá mi bọ́ wọn, àmọ́ ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ti lọ bá a. Ọ̀gá wa ní kí n yan èyí tí mo bá fẹ́. Tí ẹ bá ní kí n wá, màá dà wọ́n nù. Tí mo bá padà, màá tún bẹ̀rẹ̀."

"Máa bọ̀" ló wà lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ tí mo ti sìn ín dé èbúté ló ti wà níbẹ̀. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń gbá òpó lábẹ́ mi. Ilé náà kò ní rí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn, èmi mọ̀, òun náà mọ̀. Mo tún wo ohun tó ń lù nínú àwo.

"Má dà á nù," mo ní. "Ohun tó ti ń mí, wọn kì í dà á nù."

"Ilé ńkọ́, Màmá?"

"Pákó ni."

Ó pè lọ́jọ́ tí àwọn káfíńtà dé láti tú ilé náà. Ó ní kí n máa gbé fóònù káàkiri. Mo gbé e dé ìdí ààrò, mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ àgbà ti máa ń tún àwọ̀n ṣe. Nígbà tí mo dé yàrá rẹ̀, ó ní kí n dúró, kí n má sọ̀rọ̀, òun fẹ́ gbọ́ omi. Àwọn káfíńtà náà fi òòlù sílẹ̀. Omi nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní àsìkò oúnjẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì òun ti tó.

"Lọ bọ́ wọn," mo ní.

Igbọ́kọ̀dá ni mo wà báyìí. Ẹ̀yìnkùlé ọmọ mi ni mo ti ń yan ẹja, ilẹ̀ ibí le dáadáa, mi ò ní ohun tí mò ń ráhùn sí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, tí ọkọ̀ bá ń kó èrò láti Òde Ugbò níhà ọ̀dọ̀ wa àtijọ́ bọ̀, mo máa ń lọ dúró létí èbúté, màá máa wo ojú àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sì mọ̀ dájú pé ọ̀nà títì ni ọmọ ọmọ mi máa gbà wọlé lọ́jọ́ tó bá máa dé.